Táyà Méjì Inú Gáréèjì Dádì Bowie

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ara mi le. Orúnkún òsì nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, òun náà kò sì tó ohun tí à ń fi lẹ́tà rán. Mo ti kírun àárọ̀, mo ti mu ògì, mo sì ti ní kí Ganíyù pa tẹlifíṣọ̀n, kó jókòó sídìí tábìlì, kó mú bírò. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni, Dádì Bowie sì ni ìwọ ń pè é nítorí ìlú Bowie tí a ń gbé yìí, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i, Ganíyù ni n ó máa pè é. Òun ló ń bá mi kọ ohun tí ò ń kà yìí. O mọ ìkọ̀wé rẹ̀, ó máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ògiri tó fẹ́ wó. Ohun tí mo bá sọ ni yóò kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò fi sọ ọ́ sínú fóònù bí mo ti máa ń ṣe. Ohùn inú fóònù, o ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan níbi tí o ti ń fọ abọ́, o ó ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá àgbà," ó tán. Ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé bíi tèmi ló mọ̀ pé ìwé kì í gbàgbé.

Òtútù ti dé. Láàárọ̀ àná, gíláàsì ọkọ̀ Ganíyù ti funfun. Òjò dídì kò tíì bọ́, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀, ìwọ á sì máa wa ọkọ̀ láti Greenbelt lọ síbi iṣẹ́ rẹ ní Largo ní ìdájí, lórí táyà tó bá ọkọ̀ náà wá. Mo fẹ́ kí o ra táyà òtútù mẹ́rin kí òjò dídì àkọ́kọ́ tó bọ́. Mo sì fẹ́ kí o má gba táyà òtútù méjì tí Dádì Bowie rẹ fẹ́ fún ọ láti inú gáréèjì rẹ̀. Ohun méjì tí mo ní í sọ nìyẹn. Ìyókù, àlàyé ni.

Ganíyù ti gbé bírò sókè. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀bùn ni mo fún ọmọ náà o." Mo ní kó kọ ìyẹn náà sí i. Ó ti kọ ọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, jẹ́ kí n sọ èyí kó kúrò lọ́nà. Mo ń fi ọ́ yangàn. N kì í sọ ọ́ lójú rẹ, nítorí ọmọ tí wọ́n bá ń yìn lójoojúmọ́ kì í gbọ́ràn mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, bí àwọn ìyá bá jókòó lẹ́yìn ìrun, tí oníkálukú ń ka iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, tí ti ọ̀kan ń ṣe kọ̀ǹpútà, tí ti èkejì ń kọ́lé, èmi kì í pariwo. Mo kàn máa ń sọ pé, "Tèmi ń gbẹ̀bí ní Largo." Lẹ́yìn náà n ó dákẹ́, kí wọ́n lè rí àyè dáhùn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ti ilé kíkọ́ á parí síbẹ̀. Gbogbo wọn ló ti bímọ rí.

Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn n'Ìṣẹ́yìn nígbà tí ìyá rẹ ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, ìwọ tí o máa ń sùn lórí ìwé tí itọ́ rẹ á sì máa ṣàn sí i lára, ìwọ ló wá ń fi ọwọ́ gba ọmọ ọlọ́mọ lónìí. Nígbà tí o kọ́kọ́ dé Maryland, yàrá ìsàlẹ̀ ilé yìí lo sùn, bọ́ọ̀sì lo ń wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Báyìí o ti ní fúláàtì tìrẹ, o ní ọkọ̀ tìrẹ, kò sì sí ẹni tó bá ọ dá sí i. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ ni àgbà ọjà yẹn báyìí. Àwọn orí tó ń dúró dè ọ́ wà níbẹ̀. Èyí tó kù ni kí o máa débẹ̀ láàyè, kí o sì máa padà sílé láàyè.

O ti sọ fún mi pé reluwé wà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n reluwé tó bá gbé ọ ní Greenbelt á kọ́kọ́ wọ inú Washington lọ, kí o tó bọ́ sílẹ̀ wọ òmíràn tí yóò dá ọ padà sí Largo. Ta ló ń gba ọjà kọjá lọ sílé aládùúgbò? Ọkọ̀ lo máa wà. Nítorí náà, táyà lọ̀rọ̀ wa.

Èkíní. Àwọn ará ibí á sọ fún ọ pé òjò dídì Maryland kò tó nǹkan. Òótọ́ ni pé ọdún mìíràn wà tí kì í bo bàtà mọ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú. Èyí tó kéré máa ń yọ́ lọ́sàn-án, omi rẹ̀ á ṣàn sójú ọ̀nà, òtútù òru á sì mú un. Nígbà tí ìwọ bá fi jáde ní ìdájí, ọ̀nà á dúdú bó ti máa ń dúdú, ìwọ á rò pé omi ni. Yìnyín ni. Orí afárá ló ti ń kọ́kọ́ dì, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wá síṣẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti là kò mọ ọ̀nà tí ìwọ ń gbà. Má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ra táyà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wá sí Amẹ́ríkà, tí mo wá bá ìyàwó Ganíyù wẹ ọmọ, mo jí lọ́jọ́ kan, mo rí Ganíyù níta tó ń fi pátákó kékeré kan họ yìnyín lára gíláàsì iwájú ọkọ̀, bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò. Mo ní ṣé nítorí èyí náà ló fi ń gbọ̀n? Mo gbé omi gbígbóná tí mo fẹ́ fi po ògì, mo dà á lé e. Gíláàsì náà ké pá, ó sì là láti òkè délẹ̀. Ganíyù dúró, ó ń wò mí. Mo ní, "Ó yọ́, àbí kò yọ́?"

Ọgbọ́n tí a gbé wá láti ilé dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló mọ òtútù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta táyà lójú ọ̀nà Annapolis, ará El Salvador ni. Èmi kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun kò gbọ́ tèmi, a sì ń yé ara wa. Níjọ́ tí Ganíyù lọ pààrọ̀ táyà rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin náà rí i pé mo ń wò ó. Ó mú mi lọ síbi tí táyà méjì ti sùn síta mọ́jú, ó fi ọwọ́ júwe pé kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n. Èkíní, táyà gbogbo ìgbà, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ, ti le bí ẹ̀bà àná. Èkejì, táyà òtútù, ṣì rọ̀, ọwọ́ mi wọ̀ ọ́. Ohun tó rọ̀ ló ń di ilẹ̀ mú. Ohun tó le, ṣe ló ń gun orí yìnyín kọjá. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ó wá fi àmì kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà òtútù náà. Òkè onígongo mẹ́ta ni wọ́n yà, ẹyọ òjò dídì kan sì wà nínú rẹ̀ bí ìràwọ̀. Lẹ́tà pọ̀ lára táyà, n kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àmì yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí lára táyà, má rà á, bí wọ́n tilẹ̀ pè é ní ohunkóhun.

Tí igi bá tún rúwé, kí o bọ́ wọn. Bí o bá fi wọ́n rìn nínú ooru, wọn á jẹ bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi.

Ìkejì ni ọjọ́ orí, òun ló sì dùn mí jù. Nígbà tí mo ṣì lágbára, mo ní ọkọ̀ píkọọ̀pù kan tó ń kó iṣu mi láti Òkè-Ògùn wá sí Ọ̀yọ́. Láṣíṣì ló ń wà á fún mi. Mo ra táyà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti gbé e sẹ́yìn ilé lábẹ́ oòrùn, fún ọdún tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ iye rẹ̀. Láṣíṣì wò ó, ó ní, "Ìyá Ganí, táyà yìí ti gbó."

Mo ní, "Wo eyín ẹ̀, kò jẹ rárá. Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

Ó bẹ́ lọ́nà Ìṣẹ́yìn. Iṣu fọ́n ká inú igbó bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tún un gbìn. Láṣíṣì kò kú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò lè na apá ọ̀tún kọjá èjìká mọ́. Bó bá fẹ́ kábàrá ìrun, apá òsì nìkan ló ń gòkè, èkejì á dúró sílẹ̀. Láti ẹ̀yìn tí àwa obìnrin ń jókòó sí, mo máa ń rí i. Kò bá mi wí rí. Ì bá bá mi wí.

Eyín kì í sọ ọjọ́ orí táyà. Arúgbó tí eyín rẹ̀ pé, arúgbó náà ni. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n fi ìlà yí i ká bí ẹyin. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún. Bí táyà bá ti dàgbà tó ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé, fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Nígbà tí mo gbọ́ pé Ganíyù fẹ́ fún ọ ní táyà, mo ní kó lọ wo nọ́ńbà ara wọn. Ó lọ sí gáréèjì, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní iná gáréèjì kò mọ́lẹ̀ tó.

Mo ní, "Ganíyù, ọdún wo?"

Ó ní, "Mọ́mì, ọdún tí a ra ilé yìí ni."

Ọdún tí wọ́n ra ilé yìí, Àṣàkẹ́, ìwọ kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Láti ìgbà náà ni àwọn táyà yẹn ti ń bá ẹ̀rọ tó ń gbé omi ilé gbóná gbé nínú gáréèjì. Bí o bá fi ọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n dún kọ̀ kọ̀ bí ilẹ̀kùn.

Ìwọ kò sì mọ ohun tí wọ́n ti ṣe nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun. Ìgbà òtútù kan náà tí mo fọ́ gíláàsì ni. Ganíyù ra méjì péré, ó fi wọ́n síwájú, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé iwájú ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa ọkọ̀. Òjò dídì bọ́ láàárọ̀ Jímọ̀, a sì gbéra lọ kírun. Ó ń fọ́nnu lójú ọ̀nà: "Mọ́mì, ẹ wò ó, ó ń lọ bí ẹni wà lórí kápẹ́ẹ̀tì." Òótọ́ ni, ó ń lọ. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ mọ́ṣáláṣí, ó tẹ bíréèkì. Iwájú ọkọ̀ gbọ́, ẹ̀yìn kò gbọ́. Ẹ̀yìn ní òun náà fẹ́ wá síwájú. A yí po, ìdí ọkọ̀ wọ inú òkìtì òjò dídì tí wọ́n kó jọ, ojú wa sì kọ sí ibi tí a ti ń bọ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ náà, n kò mọ èwo ni iwájú. Lèmọ́mù yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Alájì Ganíyù, ṣé ẹ ti ń padà sílé ni?"

Kọ ọ́, Ganíyù. Ó ní òun ń kọ ọ́. Ó ní eré òun kò pọ̀. N kò sọ pé ó pọ̀.

Nítorí náà, mẹ́rin ni. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bó bá jẹ́ iwájú nìkan, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ sáré kọjá rẹ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan, o ó ní kí ọkọ̀ yà, kò ní yà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú kan náà, kí wọ́n fi wọ́n sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹni tó ní ọkọ̀ gíga bá sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì tòun fi ń fa ọkọ̀, pé òun kò nílò táyà òtútù, kí i kí o kọjá. Fífà ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra. Kì í ràn án lọ́wọ́ láti dúró, dídúró sì ni iṣẹ́.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. O pè mí lọ́jọ́ Àìkú, o ní, "Ìyá àgbà, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Dádì Bowie pé n kò gbà? Wọ́n ti ṣe jù fún mi." Òótọ́ ni, ó ṣe. Ó fún ọ ní yàrá, ó gbé ọ lọ ṣe ìdánwò, ó jókòó sínú ọkọ̀ títí o fi jáde. A sì ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í kọ ẹ̀bùn àgbà, pé ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbà á, pé orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń dúpẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ, n kò sì ní kí o gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kan wà tí ẹni tó fúnni kò wò dáadáa kó tó nawọ́ rẹ̀. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, àgbà tó ju ẹni tó fúnni lọ ló ń bá ọmọ kọ̀ ọ́. Nínú ilé yìí, èmi nìkan ni mo ju Ganíyù lọ. Mo ti kọ̀ ọ́. Ó ti kúrò lọ́rùn rẹ. O kò ní láti parọ́ fún un. O kò ní láti gbà á kí o lọ jù ú nù. O kò sì gbọdọ̀ torí ìtìjú fi í wa ọkọ̀. Ìtìjú ti pa ènìyàn tí òjò dídì kò lè pa.

Ganíyù ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò ro ibi sí i."

Mo ní, "Ta ló ní o ro ibi? Èmi náà ò ro ibi sí Láṣíṣì."

Ó ti mú bírò padà.

Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti sùúrù ni. Táyà rere kì í ṣe ìyẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwọn tó pa òwe yẹn kò rí yìnyín rí, àfi bíi pé ẹsẹ̀ tó wà lórí bíréèkì ni wọ́n ń bá wí. Rọra tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí àyè tó wà láàárín ìwọ àti ọkọ̀ iwájú pọ̀ títí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á fi máa bínú. Jẹ́ kó bínú. Òtútù máa ń mú kí afẹ́fẹ́ inú táyà dínkù, nítorí náà fi géèjì wò ó láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Má dá ẹnikẹ́ni lóhùn tó bá ní kí o tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nínú iyanrìn.

Bí ọ̀nà bá sì burú kọjá ohun tí táyà lè ṣe, pe ibi iṣẹ́, sọ pé o máa pẹ́. Mo mọ̀ ọ́, o kò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì òru tí ò ń rọ́pò máa wo aago. Yóò bú ọ díẹ̀. Ẹni tó pẹ́ kó tó dé, ó dé.

Mo ní kí Ganíyù kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ síbí, kí ó má bàa dà bí ẹni pé mo fi agbára gba ọwọ́ rẹ̀.

Àṣàkẹ́, má wá gbé táyà yẹn mọ́ o. Òótọ́ ni Mọ́mì sọ. Ó yẹ kí n ti wo nọ́ńbà wọn kí n tó sọ̀rọ̀. Fúláàtì rẹ kò ní ibi tí a lè kẹ́rù sí, nítorí náà kó táyà gbogbo ìgbà rẹ wá síbí tí o bá ti fi tuntun sẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Àyè ti wà nínú gáréèjì. Dádì Bowie.

Mo ní kó kà á fún mi, ó kà á. Ó gùn ju bí mo ti rò lọ, ṣùgbọ́n mo gbà á. Ọmọ mi náà ni.

Ìdí tí àyè fi wà ni pé mo ní kó yí àwọn táyà méjèèjì lọ sẹ́yìnkùlé lánàá, kó bu iyẹ̀pẹ̀ kún inú wọn kí ilẹ̀ tó le jù. Tí ooru bá dé, n ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí ọ̀kan, n ó gbin ata sí èkejì. Ìwọ náà á jẹ níbẹ̀. Ẹ̀bùn rẹ̀ á tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́nà tí kò ní pa ọ́.

Má kọ̀wé padà sí mi, nítorí n kò ní lè kà á, n kò sì fẹ́ kí Ganíyù máa ka ohun tí o bá bá mi sọ. Gbé ọkọ̀ wá. Dúró níwájú ilé, pa ẹ́ńjìnnì, má sọ nǹkan kan. N ó jáde, n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, n ó sì wá òkè onígongo mẹ́ta yẹn títí n ó fi rí i lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orúnkún mi á bú mi. Kò burú. Ìdáhùn tí èmi lè kà nìyẹn.

Ọlọ́hun á máa ṣọ́ ọ. Ìwọ náà, máa ṣọ́ ọ̀nà.

Èmi ni, ìyá ìyá rẹ,
Àlímọ̀ ará Ìṣẹ́yìn.